Tomás Rivera, ọmọ alágbàṣe tó kọ ohùn àwọn èèyàn rẹ̀ sílẹ̀

Ìyá kan wà tó máa ń gbé ife omi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lálaalẹ́, kí àwọn ẹ̀mí lè rí nǹkan mu. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi á ti tán nínú ife. Ìyá gbà pé àwọn ẹ̀mí ló wá mu ún. Kò mọ̀ pé ọmọ òun ni. Ọmọ náà fẹ́ jẹ́wọ́ fún un nígbà kan, ṣùgbọ́n ó rò ó pé kí òun kúkú dúró dìgbà tí òun bá dàgbà. Ibẹ̀ ni ìtàn náà parí sí.

Tomás Rivera ló kọ ọ́. Àwọn alágbàṣe oko tó ṣí wá láti Mẹ́síkò ló bí i sí Texas. Ìwé ìtàn àròsọ kan ṣoṣo ló tẹ̀ jáde nígbà ayé rẹ̀, ìwé náà kò sì nípọn. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí mo ti kà láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà, òun ni mi ò lè gbé jìnnà sí ara mi.

Iṣẹ́ awakọ̀ tírélà ni mò ń ṣe. San Antonio ni mo ti ń gbéra, ọ̀nà I-35 sì ni mo sábà máa ń tọ̀: Austin, Dallas, Oklahoma, Kansas, Iowa, títí dé Minnesota. Ẹni tó bá wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ìdúró inú rẹ̀ pọ̀. À ń dúró kí wọ́n tó já ẹrù, à ń dúró kí wọ́n tó di òmíràn, òfin sì kà á léèwọ̀ pé kí a máa wakọ̀ kọjá wákàtí tí wọ́n fún wa. Ìdúró yẹn ni mo fi ń kàwé. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí, tí ìyá rẹ̀ wá láti Coahuila ní Mẹ́síkò, ló kọ́kọ́ fi ìwé Rivera lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Apá ibi tí ò ń wakọ̀ lọ yẹn ni wọ́n kó àwọn bàbá wa lọ, lórí ìdúró ni wọ́n wà nínú ọkọ̀." Mo rò pé ó ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré ni. Ìgbà tí mo kàwé náà ni mo rí i pé bó ṣe rí gan-an ló sọ ọ́.

Ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni wọ́n bí Rivera ní Crystal City, ìlú kékeré kan ní gúúsù Texas. Ẹ̀fọ́ sípínáàṣì ni ìlú náà fi lókìkí. Ní 1937 wọ́n tilẹ̀ gbé ère Popeye kalẹ̀ níbẹ̀, atukọ̀ inú àwòrán tó máa ń jẹ ẹ̀fọ́ kí agbára tó dé sí i lápá. Mo ti yà síbẹ̀ rí láti ojú ọ̀nà US 83. Mo dúró níwájú ère náà, mo wò ó, mo sì wò yíká bóyá màá rí ère àwọn tó ń tẹ̀ba ká ẹ̀fọ́ ọ̀hún. Mi ò rí i.

Àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn tó ń tẹ̀ba. Àmọ́ iṣẹ́ oko Texas kì í ṣe ti ọdún yípo. Tí ooru bá bẹ̀rẹ̀, ẹbí á di ẹrù, wọn á gun ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí àríwá, lọ roko bíìtì tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà, tàbí lọ ká èso àti ẹ̀fọ́. Iowa, Minnesota, Wisconsin, Michigan, North Dakota: gbogbo ibẹ̀ ni ọmọdé yìí mọ̀ kó tó di géńdé. Tí òtútù bá ń bọ̀, wọn á padà sílé. Ẹ̀yin tó lọ́mọ nílé ìwé, ẹ ti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọmọ á kúrò ní kíláàsì kí sáà tó parí, á sì padà dé nígbà tí sáà tuntun ti lọ jìnnà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn lọ́dọọdún, Rivera fúnra rẹ̀ sì ń bá ẹbí lọ títí tó fi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Kí ẹ má rò pé ìjọba kò mọ̀ nípa wọn. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1938 láti fi iye owó tó kéré jù tí a lè san fún òṣìṣẹ́ lélẹ̀ yọ àwọn alágbàṣe oko kúrò. Ọdún 1966 ni wọ́n tó mú díẹ̀ nínú wọn wọlé. Òfin ọdún 1935 tó fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti kó ẹgbẹ́ jọ náà yọ wọ́n kúrò. Wọ́n mọ̀ wọ́n dáadáa, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ sóde ni.

Nínú irú ìgbésí ayé yẹn, níbo ni ọmọ ti rí ìwé kà? Bàbá ìyá rẹ̀ wà lára ìdáhùn. Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn ni bàbá àgbà yìí, òun ló sì ń ki ọmọ láyà pé kó kàwé, kó kọ̀wé. Orí ààtàn ni apá mìíràn nínú ìdáhùn wà. Ìlú tí wọ́n bá dé, Tomás á lọ sídìí ààtàn, á máa ṣa ìwé àti magasíìnì tí àwọn èèyàn ti dà nù. Ní Iowa, obìnrin kan ní ilé ìkàwé ṣílẹ̀kùn fún un, ó jẹ́ kó jókòó, ó fún un ní ìwé. Pat Mora ti sọ ìyẹn di ìwé ìtàn fún àwọn ọmọdé ní 1997, ẹ̀yin tó lọ́mọ kékeré lè rà á fún wọn. Ní Bay City, Michigan, nígbà tó tó ọmọ ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá, jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí wọn, ó sì jókòó, ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìtàn àkọ́kọ́ tó kọ nìyẹn. Jàǹbá ọkọ̀! Èmi tí mò ń jẹun lórí títì mọ ohun tó ń ṣe ọmọ tó bá la irú ìyẹn kọjá, mo sì mọ̀ pé àwọn mìíràn kì í lè sọ ọ́ títí ayé.

Ẹ̀kọ́ ìwé rẹ̀ kò ní kí n pẹ́ lórí rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tó wà ní Uvalde ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Southwest Texas State ní 1958. Ọdún yẹn náà ló gbé Concepción Garza níyàwó. Ó ṣe tíṣà ní San Antonio, ní Crystal City ilé rẹ̀ gan-an, àti ní League City. Ó gba oyè kejì nínú ètò ẹ̀kọ́ ní 1964. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Yunifásítì Oklahoma, ó sì di ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 1969.

Ohun kan wà láàárín àwọn ọdún yẹn tí mo gbà pé ó tóbi ju gbogbo oyè náà lọ. Rivera sọ ọ́ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan pé ebi àtirí ìwé tí ẹnì kan bíi tòun kọ ń pa òun. Lọ́jọ́ kan ó ń rìn kiri nínú ilé ìkàwé, ó sì bá ìwé Américo Paredes, ọmọ Mẹ́síkò ní Texas bíi tirẹ̀, pàdé, èyí tó jáde ní 1958. Ìwé náà dá lórí Gregorio Cortez, ọmọ Mẹ́síkò kan ní Texas tó yìnbọn pa ọlọ́pàá kan tó wá mú un, tó sì sá fún ọgọ́rọ̀ọ̀rùn àwọn ọlọ́pàá tó ń lé e, àti orin tí àwọn ará ibodè fi ń kì í. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ bíi tiwọn ló wà láàárín ìtàn. Kì í ṣe ẹrú, kì í ṣe ọ̀daràn tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín. Rivera wá rí i pé ó ṣeé ṣe. Mo máa ń ronú lórí iye ọmọ tó wọ ilé ìkàwé kan náà, tí ìwé náà kò bọ́ sí lọ́wọ́.

Ní òpin àwọn ọdún 1960, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Mẹ́síkò ní Amẹ́ríkà tó ń pe ara wọn ní Chicano ti ń gbóná jákèjádò gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ní Crystal City, àwọn ọmọ Mẹ́síkò márùn-ún ti gba gbogbo ipò ìgbìmọ̀ ìlú ní 1963, níbi tí àwọn òyìnbó díẹ̀ ti ń jókòó lé ọ̀pọ̀ èèyàn lórí tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1969, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ibẹ̀ fi kíláàsì sílẹ̀, wọ́n ní àwọn kò gba ìyà mọ́. Ní Berkeley, California, ilé ìtẹ̀wé kékeré kan tó ń jẹ́ Quinto Sol, tí Octavio Romano wà nídìí rẹ̀, gbé ẹ̀bùn kalẹ̀ fún ìwé tó bá dára jù tí Chicano bá kọ. Ẹgbẹ̀rún dọ́là ni owó rẹ̀. Rivera ló kọ́kọ́ gbà á, ní 1970. Ìwé náà jáde ní 1971, orúkọ rẹ̀ ní èdè Sípéènì ni ...y no se lo tragó la tierra. "Ilẹ̀ kò sì gbé e mì" ni. Ẹni tó gba ẹ̀bùn náà tẹ̀lé e ni Rudolfo Anaya, Rolando Hinojosa sì tẹ̀lé ìyẹn, òǹkọ̀wé ńláńlá ni àwọn méjèèjì. Ẹ wo irú àwọn tó tò lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé: èdè Sípéènì ni Rivera fi kọ ọ́. Ọmọ tó ti gba oyè nínú Gẹ̀ẹ́sì, tó ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì, tó ń gbé ní ilẹ̀ tí gbogbo ilé ìtẹ̀wé ńlá ti ń béèrè Gẹ̀ẹ́sì. Texas tí wọ́n bí i sí ní òfin kan láti 1918 pé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fi kọ́ ọmọ. Wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ Sípéènì nínú ọgbà ilé ìwé. Ọdún 1969 ni wọ́n tó yí òfin yẹn padà, ọdún tí Rivera di ọ̀mọ̀wé gan-an. Òun kò dúró de ìjọba. Kì í sì í ṣe Sípéènì àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló fi kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gbọ́ ìyẹn tinú-tẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó wà nínú oko ni, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ tí ẹ̀yìn bá ń ro wọ́n, bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ láàárín gbólóhùn. Quinto Sol tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Herminio Ríos ló túmọ̀ rẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ kà ni èyí tí Evangelina Vigil-Piñón túmọ̀ ní 1987. Ọ̀rẹ́ mi ilé ìkẹ́rùsí ló wá máa ń ka ti Sípéènì sí mi létí. Mi ò gbọ́ èdè náà tán, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn náà. Ohùn àgbà tó ti ṣiṣẹ́ rí ni.

Ẹ jẹ́ kí n wọnú ìwé náà wàyí.

Ọmọkùnrin kan ló wà láàárín rẹ̀, a ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọdún kan ti sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ń wá a. Ìtàn méjìlá ló tẹ̀lé ara wọn, pẹ̀lú àwọn ìtàn kéékèèké láàárín wọn bí ti ìyá olómi yẹn. Rivera sọ pé àkókò 1945 sí 1955 ni òun ń kọ sílẹ̀, ìgbà tí òun fúnra òun wà lójú ọ̀nà.

Nínú ọ̀kan, ooru ti mú kó tó yẹ kó mú. Àwọn ọmọdé wà lóko, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, ọ̀gá oko kì í sì í gbé omi wá déédéé. Ọpọ́n omi màlúù wà nítòsí, wọ́n wá ń yọ́ lọ síbẹ̀ mu omi. Ọ̀gá rí i. Ó ní òun á dẹ́rù bà wọ́n, ó yìnbọn. Ọmọ kan ṣubú sínú omi, orí rẹ̀ ti fọ́. Ojú ìwé díẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, a gbọ́ ohùn èèyàn méjì tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ: wọ́n ní ọ̀gá ọ̀hún ò ṣe dáadáa mọ́ o, wọ́n ní kóòtù dá a sílẹ̀ ṣùgbọ́n ó ti di ọ̀mùtí, wọ́n ní ó tilẹ̀ fẹ́ pa ara rẹ̀. Èkejì ní, àmọ́ kò kú, àbí? Ó ní, rárá, kò kú. Èkejì ní, ṣé o wá rí i. Rivera kò fi gbólóhùn kan ṣọfọ̀, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó jókòó ti àwọn tó ń sọ̀rọ̀, ó sì kọ ohun tí wọ́n sọ. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù fún mi ni mo wà, mo sì ní láti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kí n rìn díẹ̀.

Ìtàn tí wọ́n fi sọ ìwé náà lórúkọ yàtọ̀ sí ìyẹn. Oòrùn ti pa bàbá ọmọ náà lóko, ó dùbúlẹ̀ sílé, kò lè dìde. Ìyá ń tan àbẹ́là, ó ń gbàdúrà. Ọmọ ń bínú: kí ni a ṣe? Lọ́jọ́ kejì oòrùn tún mú àbúrò rẹ̀ kékeré, òun ló gbé e lé apá wálé. Ní ojú ọ̀nà yẹn, ó bú Ọlọ́run. Bó ṣe bú u tán ni ẹ̀rù bà á, torí wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé ilẹ̀ á lanu gbé ẹni tó bá dán an wò mì. Ilẹ̀ kò lanu. Ó le koko lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ara bàbá yá, ti àbúrò náà yá, ọmọ sì fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀, ó sọ fún un pé kò tíì tó àkókò tí yóò gbé òun mì. Ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n ti tọ́ mi, mo ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa ní kí n dákẹ́ ìtàn yìí. Mi ò lè dákẹ́ ẹ̀. Lójú mi, ọmọ tó ń gbé àbúrò rẹ̀ bọ̀ nínú oòrùn, Ọlọ́run gbọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ èébú náà.

Ti àwòrán ńkọ́? Àwọn kan wá láti San Antonio ní àkókò tí àwọn alágbàṣe ti padà dé láti àríwá, nígbà tí owó díẹ̀ wà lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá fún àwọn ní fọ́tò, àwọn á sọ ọ́ di ńlá, àwọn á kùn ún, àwọn á fi igi ṣe férémù sí i. Don Mateo fún wọn ní fọ́tò kan ṣoṣo tó ní ti ọmọ rẹ̀ Chuy, tó lọ sógun Korea tí kò sì padà. Wọ́n gba owó, wọ́n lọ. Nígbà tí òjò rọ̀, àwọn ọmọdé bá àpò kan tó kún fún fọ́tò tí omi ti bà jẹ́. Gbogbo oníjìbìtì lágbàáyé, ẹ̀yà wọn kan náà ni! Ṣùgbọ́n don Mateo kò jókòó sunkún. Ó wọ San Antonio, ó wá ọkùnrin náà títí ó fi rí i, ó sì ní dandan ni kó ya ọmọ òun, kódà kó jẹ́ láti inú orí. Ọkùnrin náà yà á. Ìgbà tí don Mateo ń fi àwòrán náà han ẹnì kejì, ó sọ pé òun fúnra òun kò fi bẹ́ẹ̀ rántí bí ojú Chuy ṣe rí mọ́, àmọ́ ó ti ń jọ òun gan-an, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Bàbá yẹn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń sọ nǹkan lásán. Èmi tí mo ní àwọn ẹbí tí mi ò tíì fojú kàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bà mí.

Kì í ṣe gbogbo ìtàn inú rẹ̀ ló dọ́gba lójú mi. Ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìfẹ́ obìnrin mú kó lọ kú sínú iná mànàmáná kò dé inú mi bí àwọn yòókù. Inú mi kò sì dùn pé àwọn olóòtú Quinto Sol yọ ìtàn Pete Fonseca kúrò, torí wọ́n rò pé ìwà oníyànjẹ tí Pete ń hù kò ní jẹ́ kí àwọn èèyàn ní èrò rere nípa Chicano. Èèyàn ni Pete. Ó yẹ kó wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù.

Èyí tí mo máa ń padà sí jù ni ti ọkọ̀ tó bà jẹ́. Ó tó nǹkan bí aago mẹ́rin òru, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó àwọn alágbàṣe lọ sí Minnesota takú sójú ọ̀nà. Lórí ìdúró ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà láti ìgbà tí wọ́n ti gbéra, wọ́n fún mọ́ra. Wọ́n wá ń dúró kí ilẹ̀ mọ́. Nínú òkùnkùn yẹn, Rivera gbé wa láti inú orí ẹnì kan bọ́ sínú ti ẹlòmíràn, kò sì dárúkọ wọn. Ọ̀kan ní tí a bá débẹ̀, òun á wá bẹ́ẹ̀dì tó dára fún ìyàwó òun, torí kíndìnrín ń dà á láàmú. Ọ̀kan ń wo ìràwọ̀. Ọ̀kan ń ṣépè fún iṣẹ́ náà. Dírẹ́bà ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá ti já wọn sílẹ̀, òun á padà sí Texas, kí oníkálùkù wá ọ̀nà ara rẹ̀. Ọ̀kan wá ní ó ti sú òun láti máa dé. Àtidé àtilọ, ọ̀kan náà ni, nítorí a kì í débì kankan.

Mo ti jí ní aago mẹ́rin òru ní ibi ìsinmi àwọn awakọ̀ ní Iowa, tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń dún ní ọ̀tún àti òsì mi, tí mo sì ka ìtàn yẹn sókè sí ara mi létí. Bẹ́ẹ̀dì mi wà lẹ́yìn àga, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní fi ara mi wé wọn. Dírẹ́bà inú ìtàn náà ni mo máa ń rò jù, ẹni tí wọn fi ẹ̀mí wọn sí lọ́wọ́, tí ọkàn rẹ̀ sì ti kúrò lára wọn. Rivera kò bú òun náà. Ó jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀, bí gbogbo èrò tó kù.

Ọkùnrin kan wà nínú ìwé náà tó ń jẹ́ Bartolo. Oṣù Kejìlá ló máa ń wá sí ìlú, nígbà tí àwọn èèyàn ti padà láti ibi iṣẹ́, láti wá ta ewì. Orúkọ àwọn ará ìlú wà nínú ewì rẹ̀, ọjọ́ kan náà ló sì máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tà á tán. Ó ní kí wọ́n máa kà á sókè, nítorí ohùn ni irúgbìn ìfẹ́ nínú òkùnkùn. Mo gbà pé ara rẹ̀ ni Rivera ń sọ níbẹ̀. Orúkọ àwọn tí kò sí ẹni tó ń pè wọ́n ló pè.

Lẹ́yìn tí ìwé náà jáde, ohun tó tẹ̀lé e ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ó ti ń kọ́ni ní Sam Houston State láti 1969. Ní 1971 ó lọ sí Yunifásítì Texas ní San Antonio, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá sílẹ̀ nígbà náà, ó sì di igbákejì ọ̀gá níbẹ̀ ní 1976. Ní 1978 ó bọ́ sí ipò ńlá ní Yunifásítì Texas ní El Paso. Ní 1979 wọ́n fi í ṣe ọ̀gá àgbà Yunifásítì California ní Riverside. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Kò sí ọmọ Mẹ́síkò tó tíì ṣe ọ̀gá àgbà ní ẹ̀ka kankan nínú yunifásítì náà ṣáájú rẹ̀. Ewì díẹ̀ ló tẹ̀ jáde ní 1973. Ìwé ìtàn àròsọ kejì, La casa grande del pueblo, wà lórí tábìlì rẹ̀, kò parí rẹ̀.

Ọjọ́ 16 oṣù Kàrún ọdún 1984, àìsàn ọkàn pa á ní California. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta ni.

Mo ti rí àwọn tó sọ pé ọ́fíìsì ló pa òǹkọ̀wé náà kó tó kú. Ó dùn mí bó ṣe dùn wọ́n pé a ò ní ìwé kejì, ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ó fi ìwé kíkọ sílẹ̀ lọ ṣe nǹkan mìíràn. Ìtàn kan wà nínú ìwé rẹ̀ nípa ọmọ tí wọ́n lé kúrò nílé ìwé lẹ́yìn ìjà. Ó ń rìn bọ̀ wálé, ó ń rò ó bí òun á ṣe sọ ọ́, torí bàbá rẹ̀ ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ọmọ òun á di òṣìṣẹ́ tó ń so ìpè tẹlifóònù pọ̀. Ibi tí àlá bàbá yẹn lè ga dé nìyẹn. Ẹni tó kọ ìrìn àjò ọmọ yẹn kúrò ní ilé ìwé, òun náà ló jókòó sídìí ẹnu ọ̀nà yunifásítì, tó ń wá bí ilẹ̀kùn á ṣe ṣí fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fẹ́ bínú, ọkàn tó dá iṣẹ́ dúró ní ọdún méjìdínláàádọ́ta ni màá bínú sí. Ilé ìkàwé ńlá Riverside ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí, orúkọ ọmọ tó ń ṣa ìwé lórí ààtàn. Ibẹ̀ sì ni àwọn ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ wà.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ìyókù ṣègbé. Rolando Hinojosa tún ìwé náà sọ ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà tirẹ̀ ní 1987. Julián Olivares kó àwọn ìtàn tó kù jọ ní 1989, ó sì kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sí ojú kan ní 1992, ilé ìtẹ̀wé Arte Público ní Houston ló tẹ̀ ẹ́. Nínú àkójọ ọdún 1989 yẹn, ìtàn kan wà nípa bàbá àgbà kan, don Trine, tó máa ń dá rìn lọ sínú oko lẹ́yìn ìkórè. Àwọn ọmọkùnrin rò pé owó ló ń rì mọ́lẹ̀, wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ihò ni wọ́n bá. Ó ń ti apá bọ inú ilẹ̀ láti mọ̀ ọ́n lára ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà dá padà lọ lóun nìkan, ó ti ọwọ́ tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì rí i pé ilẹ̀ ń mira, ó ń di ìka òun mú. Ẹ ka èyí tẹ̀lé ti ilẹ̀ tí kò gbé ọmọ mì, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá òǹkọ̀wé kan náà kọ́ ló ṣì ń ronú lórí ohun kan náà.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó ra èyí tí Sípéènì àti Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀ pọ̀. Kó má fi ìyára kà á. Kó ka àwọn ìtàn kéékèèké náà sókè.

Ẹ̀bẹ̀ mi rèé sí ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ gbọ́ Sípéènì yékéyéké. Mo mọ̀ pé ẹ wà, mo máa ń pàdé yín ní Houston àti ní Dallas. Ẹ bá wa túmọ̀ ìwé yìí sí Yorùbá, láti inú Sípéènì tó fi kọ ọ́, kí ẹ má gba ti Gẹ̀ẹ́sì kọjá. Ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé. Tí gbogbo rẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti ọkọ̀ tó bà jẹ́ lọ́nà Minnesota. Èmi á kà á sókè, màá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, màá sì pín in fún gbogbo awakọ̀ tírélà tí mo mọ̀ lórí I-35.